Àpótí Ìyè Nayden

Ọjọ́ tí àlùfáà Ilko há sínú àpótí Nayden ni gbogbo ìlú wa, Dryanovo, mọ irú èèyàn tí Nayden olóògbé jẹ́. Pákó ni ìta àpótí ọ̀hún, irin pẹlẹbẹ ni inú rẹ̀, irun àgùntàn sì wà láàárín méjèèjì. Nayden, tó fi ọgbọ̀n ọdún tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ ìhunṣọ, ní òun ń fi í kó agbára ìyè jọ láti inú afẹ́fẹ́. Àlùfáà jókòó sínú rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde.

"Ẹ wò ó!" ni Nayden kígbe sí àwa aládùúgbò. "Agbára ìyè ti dì í mú!"

"Ìṣó ló dì mí mú, ìwọ ọkùnrin yìí!" ni àlùfáà ké láti inú lọ́hùn-ún. "Ìṣó ti kọ́ mi láṣọ!"

A rẹ́rìn-ín títí. A ò mọ̀ pé nítorí Tsona ìyàwó Nayden, tí jẹjẹrẹ ń jẹ lẹ́dọ̀, ló ṣe kan àpótí náà. Tsona ń lo oògùn dókítà, ó sì ń wọnú àpótí láràárọ̀. Nayden á jókòó síta, á ki ọwọ́ bọ ihò kan lára àpótí, á di tìyàwó mú.

"Ṣé ara ti ń gbóná?"

"Oṣù Keje la wà, o fi irun àgùntàn yí mi ká. Kí ni ò ní jẹ́ kó gbóná?"

Tsona kú nígbà tí ewé ń rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Nayden wọnú àpótí, ó tilẹ̀kùn, kò jẹ, kò mu. Lọ́jọ́ kẹta, Ralitsa, ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà tó tọ́jú Tsona, gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Mo purọ́ fún un. Mo ní ara rẹ̀ á yá."

"Àpótí yín ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwádìí ayé òde òní ti rí i pé ara àti ọkàn ò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá di lọ́wọ́ mú, ìrora rẹ̀ máa ń dínkù."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. "Ó jẹ́ pé òótọ́ ni mo sọ nìyẹn?"

"Rárá o."

"Ìdajì òótọ́ ńkọ́?"

"Ìdá kan nínú mẹ́rin."

"Ìdá kan nínú mẹ́ta."

"Tí ẹ bá máa jẹun."

Ó jẹun. Bí sáyẹ́ǹsì ṣe gbà fún Nayden nìyẹn, nítorí abọ́ ọbẹ̀ kan.

Ìbànújẹ́ ò kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń gun òkè lọ sílé ìwòsàn, tí ó ń jókòó ti àwọn tí kò ní àlejò, tí ó ń bá wọn jiyàn. Dobri, olùṣọ́-àgùntàn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, kò tíì sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Nayden jókòó tì í, ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọtí rakia pọn bí òun.

"Òpùrọ́," ni Dobri wí. Abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Nayden kú nínú oṣù Kẹta, lójú oorun. Kò bímọ, a rò pé àwa mẹ́fà la máa sin ín. La bá rí àwọn aláìsàn tó ń bọ̀ láti orí òkè, aṣọ ilé ìwòsàn lábẹ́ kóòtù, nọ́ọ̀sì ń pariwo lẹ́yìn wọn. Ralitsa ti Dobri lórí kẹ̀kẹ́ arọ dé etí sàréè.

Dobri wo inú sàréè náà. "Ta ni màá wá máa bá jiyàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Àlùfáà Ilko pa ìwé àdúrà dé, ó nu ojú rẹ̀.

"Ọwọ́ mi dilẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ló wí.