Ilé Tí Apá Wa Ká

Kì í ṣe ooru yàrá méjì tí a há mọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ló mú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé rà. Kì í sì í ṣe balùwẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ayálégbé máa ń tò sí láàárọ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Òkú ìyá oníyọ̀ ni. Ìyá náà ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa. Nígbà tó kú sí ọsibítù, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e dé pé àwọn fẹ́ tẹ́ ẹ fún ìwọ̀nba wákàtí, kí àwọn ará ilé wò ó, kí wọ́n tó gbé e lọ sí abúlé. Onílé wa dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì dí i. Ó ní òkú ayálégbé kò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Etí títì ni wọ́n gbé pósí náà sí, lórí bẹ́ǹṣì méjì tí wọ́n yá lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Mọ́tò ń kọjá, eruku ń bà lé e.

Ìyá mi dúró tì í títí wọ́n fi gbé e lọ. Nígbà tó wọlé, kò jẹun.

Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ wá ilé fún mi. Ilé tèmi ni kí wọ́n tẹ́ mi sí, ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ náà ni kí ẹ sin mí sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n já mi sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹrù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú nígbà náà, dókítà sì ti sọ fún bàbá mi pé ọkàn ìyá mi ti ń ṣàárẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àgbà tó bá nílé, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí. Ẹni tí kò nílé ni wọ́n ń gbé kiri. Bàbá mi ní ìpín nínú ilé bàbá tirẹ̀ ní Ìbẹ̀fun lóòótọ́, yàrá kan tí òjò ń wọ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ti búra pé òun ò ní í sùn láàárín àwọn àna tí wọn ò jẹ́ kí òun sùn dáadáa nígbà tí òun wà láàyè. Ẹnu ìyá mi mú. Mo rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún tèmi.

Ó ti kọjá ọdún 1985. Náírà ń joró, sìmẹ́ǹtì sì ti di nǹkan tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òkú. Bàbá mi, tíṣà ni, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó wá ajẹ́ǹtì kan tó máa ń de táì mọ́ bàtà sílípáàsì, ọkùnrin náà sì bi wá léèrè iye tó wà lọ́wọ́ wa, bí dókítà ṣe ń bi èèyàn ibi tó ń dùn ún. Èmi ń retí èsì ìdánwò nílé nígbà náà, èmi ni mò ń di ìyá mi lọ́wọ́ mú kiri.

Ajẹ́ǹtì ní bó bá jẹ́ owó ìfẹ̀yìntì nìkan, òun mọ ohun tó lè rà. Ó mú wa lọ sí ọ̀nà Òdógbolú. Ìlàjì pulọ́ọ̀tì ni, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù ṣe ìpìlẹ̀ ilé sórí rẹ̀, koríko ti bò ó, òjò sì ti jẹ búlọ́ọ̀kù náà títí wọ́n fi ń já wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti sá lọ sí Èkó. Ìyá mi wọ àárín rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wíwú yẹn tẹ ilẹ̀ wò.

Ó ní, "Ilẹ̀ ibí dáa o." Ó wá gbójú sókè wo ojú ọ̀run. "Bàbá wọn, ṣé inú òjò lẹ máa tẹ́ mi sí?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi fajú ro, ó ní kí á máa lọ.

Ajẹ́ǹtì tún mú wa lọ sí àdúgbò tuntun tí àwọn ọ̀gá báǹkì ń kọ́lé sí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ilé, wíńdò jẹ́ onígíláàsì, igi ọsàn méjì sì wà lẹ́yìnkùlé tó fẹ̀ bí ọgbà ilé ìwé. Ìyàwó onílé kò ní kí á jókòó. Owó tí wọ́n ń pè é, bí a bá ta gbogbo ohun tí a ní, tí a ta èmi náà mọ́ ọn, a ò ní í dé ìdajì. Mo bi ajẹ́ǹtì lóde pé kí ló mú wa wá ṣe. Ó ní kí ojú wa lè là ni. Inú bí mi débi pé n kò dágbére fún un. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ìyá mi ń bojú wẹ̀yìn wò títí a fi yí kọ́nà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló ta ọjà rẹ̀. Abọ́ tánńganran ló ń tà, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nídìí rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n jọ ń figa gbága lọ́jà ló ra gbogbo rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, ó sì tún ń bá a kẹ́dùn. Owó méjèèjì tí a pa pọ̀ yẹn ló gbé wa dé ilé àárín ìlú.

Ilé amọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lára, páànù rẹ̀ ti pọ́n. Yàrá mẹ́fà, kànga, ilé ìdáná lẹ́yìn. Ní pálọ̀, lápá òsì, sàréè kan wà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn. Bàbá tó kọ́ ilé náà ló wà níbẹ̀, ẹbí rẹ̀ ló sì ń ta ilé náà. Ẹ̀rù ò ba ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní Ìbẹ̀fun, orí sàréè bàbá bàbá mi ni mo ti máa ń sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí pé ó tutù.

Bàbá mi fara balẹ̀ wò ó. Ó gba lọ́yà, ó rí i pé gbogbo ojúlé ẹbí náà fọwọ́ síwèé, ó gun àkàbà lọ tẹ páànù. Ìyá mi ju òkúta sínú kànga, ó tẹ́tí sí i. Àgbà ẹbí náà, bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, ní kìkì ohun tí àwọn ń bẹ̀ ni pé kí á má ṣe wú sàréè náà, àwọn á sì máa wá gbàdúrà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Bàbá mi gbà. Ìyá mi wá lanu.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ̀yìnkùlé yìí, ṣé kò sí ẹlòmíì tó…"

Bàbá mi dá a lẹ́nu. "Ìyá wọn, ó tó."

Nígbà tí a jáde, ó sọ fún un pé èèyàn kì í dúró níwájú àjèjì, kí ó máa wá ibi tí wọ́n máa sin òun sí. Wọ́n á ní ó ń pe ikú. Ìtìjú ló mú un, àti ìfẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, kò sì dín ìbínú mi kù. Àgbà yẹn gbọ́ ohun tí ìyá mi fẹ́ bi í. Mo rí i tí ó ń wo ìdí ọ̀pá rẹ̀.

Inú ìyá mi dùn nínú ilé yẹn. Ó ra kọ́tìnì, ó ń pe òkú inú pálọ̀ ní Bàbá Onílé, á jókòó lórí rẹ̀ máa ṣa ẹ̀wà, á ní, "Bàbá Onílé, ẹ ò kúkú ní í gba owó ilé." Kò tíì pé ọdún tí a kó dé ibẹ̀ tó kú, ní ọsibítù, lọ́sàn-án.

Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbayawu nígbà tí wọ́n gbé e dé. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ dí i. Mò ń sunkún, síbẹ̀ orí mi wú. Wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ orin.

Àwọn tó máa gbẹ́ sàréè gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ jìnnà lẹ́yìn ilé ìdáná tí wọ́n fi kan pákó tó ti jẹrà, àti aṣọ. Wọ́n bò ó. Wọ́n lọ sí ìdí ògiri, egungun ni wọ́n bá. Wọ́n dán ẹ̀gbẹ́ ilé wò, bákan náà ni. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn fi ọkọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́.

Ó ní, "Tíṣà, ilé yìí ti kún."

Bàbá mi ránṣẹ́ pe àgbà ẹbí náà. Ó wá, kò purọ́. Ó ní àwọn ìyàwó bàbá wọn wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ, àti àwọn tó kú ní kékeré. Inú àwọn yàrá pàápàá ò sófo. Ìdí tí àwọn fi kọ́lé síta nìyẹn, ìdí náà sì ni àwọn fi tà á ní iye tí àwọn tà á.

Bàbá mi ní, "Ẹ ò sọ fún wa."

"Ìyàwó yín fẹ́ bi mí. Ẹ̀yin lẹ pa á lẹ́nu mọ́."

Orin ń lọ lọ́wọ́ ní pálọ̀. Bàbá mi lọ bẹ ìjọ fún àyè ní itẹ́ òkú, nígbà tí oòrùn sì ń rọ̀, wọ́n gbé ìyá mi jáde ní ilé rẹ̀. A gba iwájú ilé tí a ti háyà tẹ́lẹ̀ kọjá. Onílé wa àtijọ́ dìde, ó ṣí fìlà. Ó wù mí kí n ju òkúta lù ú.

Ó pẹ́ kí bàbá mi tó kú. Ní àràárọ̀, á gbá orí sàréè Bàbá Onílé. Ní Sátidé, á mú àdá, á lọ ro ti ìyá mi. Nígbà kan tí mo wá kí i, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀, ó ń fi ọ̀dà funfun kun sàréè náà nítorí pé ẹbí wọn ń bọ̀ wá gbàdúrà. Kò gbójú sókè. Ó ní kí n bá òun wò ó bóyá ọ̀dà náà á ṣẹ́ kù, kí á lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Mo wo inú agolo náà, ó ti tán.