Ahọ́n Lọ́ọ̀kì Tó Fara Mọ́ Ọn

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí ná: obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, "Àbúrò" ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é! Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti ń tún àgádágodo àti lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn ṣe. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù wọn, tábìlì kan, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri. Ọdún kejìlá rèé tó ti ń sọ pé òun fẹ́ lọ dá dúró níbòmíràn. Bàbá kì í bá a jà. Ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti bá a rí ṣọ́ọ̀bù nílùú tirẹ̀. Ọ̀sán òní ló ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ gbé e. Bí kò bá lọ lónìí, ẹlòmíràn á gbà á. Báàgì Àbúrò ti wà lábẹ́ tábìlì láti àárọ̀.

Ibi tó ti ń dúró dè é ni tíṣà kan ti gbé lọ́ọ̀kì wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. Ọdún mẹ́fà la fi sẹ́lótéèpù lẹ ahọ́n rẹ̀ mọ́ inú, kí ilẹ̀kùn má baà máa ti àwọn ọmọ mọ́lé. A ṣí téèpù náà kúrò lánàá, ahọ́n ò yọ síta mọ́. Àbí ó ti kú ni?"

Àbúrò tú u. Sípíríǹgì tó ń ti ahọ́n síta rèé, kò dógùn-ún, kò ṣẹ́.

"Kò kú," ó ní. "Bí ẹ bá tẹ irin mọ́lẹ̀ pẹ́, inú rẹ̀ á máa sún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ibi tí ìnira pọ̀ sí á pín in fún ibi tí kò pọ̀ sí, títí gbogbo rẹ̀ á fi rọ̀. Ẹ ò ní gbọ́ kó ké. Ọjọ́ tí ẹ bá tú u sílẹ̀ lẹ ó tó mọ̀ pé kò lè ti nǹkan mọ́."

"Àṣé ó kàn fara mọ́ ọn ni!" Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó padà wá nírọ̀lẹ́, òun á fi tuntun sí i.

Kò pẹ́ ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọn fèrè lóde. "Àbúrò, ó yá, wọkọ̀ ká lọ!"

Ó fa báàgì yọ. Ó kọjú sí bàbá rẹ̀. Tó bá ní ó di ọdún tó ń bọ̀ pẹ́nrẹ́n, òun á pariwo, òun á sunkún, òun á sì lọ. Ọdún méjìlá ló fi to ọ̀rọ̀ yẹn jọ.

Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń fi fáìlì ha kọ́kọ́rọ́. "Máa lọ, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sẹ́ni tó dí i. Àbúrò wá ìbínú ọdún méjìlá tó máa ń jó o nínú, kò rí i. Háà, inú bí mi sí i, n ò ní parọ́! Ìṣísẹ̀ méjì péré ló kù kó jáde.

Fèrè tún dún. "Kí lò ń dúró dè?"

Ó fẹsẹ̀ ti báàgì padà sábẹ́ tábìlì.

"Lọ́ọ̀kì tíṣà kan wà nílẹ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ tutù, bíi ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. "Ẹ máa lọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó di ọdún tó ń bọ̀."