Ojú Mọ́mì Lára Ògiri

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó ti ẹ̀rọ tí a fi ń ya fótò ní ilé ìtọ́jú ojú wa ní Ìkòtún, obìnrin tó ṣíwájú wọlé ti kun páúdà, ó sì ti wé gèlè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó mú orí mi dáadáa o, mo fẹ́ lò ó fún páàsípọ́ọ̀tù."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Mà, inú ẹyinjú yín la fẹ́ yà."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ta ló fẹ́ wo ìyẹn?"

Èmi ni mo fẹ́ wò ó jàre. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú ẹyinjú, lápá ẹ̀yìn, rẹ́tínà ni wọ́n ń pè é. Tí mo bá yà á, ó máa ń pọ́n bí ọsàn lójú kọ̀ǹpútà, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì tàn ká inú rẹ̀ bí gbòǹgbò. Àwọn kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé, àwọn kan ń gbé e jáde. Kọ̀ǹpútà á fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, á wọn bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Ó máa ń ṣìnà nígbà mìíràn ṣá, á pe èyí tó ń wọlé ní èyí tó ń jáde, àfi kí n tún un ṣe. Tí àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé bá ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún ti máa ru láìmọ̀.

Gbogbo àlàyé yìí kò wọ màmá mi létí. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìdímù ni ilé wọn wà. Tí ará ṣọ́ọ̀ṣì bá bi wọ́n ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wọ́n á ní, "Ó wà ní ọsibítù," wọ́n á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Nílé, wọ́n á ní, "Ṣé torí kí o lè di onífótò ni mo ṣe rán ẹ lọ sí yunifásítì?" Ó ń dùn mí o, mi ò ní purọ́.

Síbẹ̀, ojú wọn ni mo fi kọ́ṣẹ́. Bí iná kámẹ́rà ṣe kọ mànà, Mọ́mì kígbe "Jésù!", wọ́n dijú pinpin.

"Mọ́mì, ẹ má dijú!"

"Ṣé kí n lajú sí mànàmáná ni?"

A ṣáà yà á tán, mo sì tọ́jú fótò náà pamọ́.

Nígbà tó ṣe, wọ́n wá gba gíláàsì tuntun tí wọ́n á fi máa ka Bíbélì. Mo tún yà wọ́n. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé ti rí tẹ́ẹ́rẹ́. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣìnà, mo fọwọ́ ara mi tún ìlà fà, mo tún un wọ̀n. Bákan náà ni.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín."

"Èmi, ẹ̀jẹ̀ ríru kẹ̀? Kì í ṣe ìpín mi. Gíláàsì ni mo wá gbà."

Wọ́n ti gbé báàgì. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá ẹ̀gbọ́n wọn dùbúlẹ̀, òun náà kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru. Tí Mọ́mì bá fi lè jáde, wọn ò ní padà wá.

Mo sáré gbé fótò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ní, "Tíṣà, ẹ bá mi máàkì èyí."

Wọ́n dúró. Tíṣà wo ni wọ́n máa pè sí máàkì tí kò ní dúró? Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n nàka. "Iṣan tibí sàn. Tọ̀hún ti ń gbẹ. Ta ló ni ín? Ẹ tètè ránṣẹ́ pè é o!"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ ni méjèèjì. Ìyẹn ni ti ìgbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, èyí ni ti òní."

Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n lọ na apá fún dókítà.

Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Iyọ̀ dín nínú ọbẹ̀, ariwo wọn ni ò dín. Ìfúnpá wọn ti wálẹ̀ báyìí, a dúpẹ́.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àdúrà ilé lọ́dọ̀ Mọ́mì. Mo bá fótò ojú wọn, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ dókítà, lára ògiri pálọ̀, nínú férémù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò ìgbéyàwó wọn. Àlejò kan bi wọ́n pé, "Mọ́mì, ọsàn wo lẹ gbé kọ́ báyìí?"

"Ọsàn kẹ̀? Ojú mi ni. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí ni?" Wọ́n wá nàka sí mi láàárín gbogbo èrò. "Ọmọ mi ló yà á. Onífótò ni."