Obìnrin Kòríà Tí Ṣọ́ọ̀ṣì Wa Gbààwẹ̀ Fún

Yàrá ìsinmi àwa òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Manchester kò ní fèrèsé. Òórùn kọfí, ọṣẹ ìnulẹ̀ àti ọbẹ̀ àná tí ẹnìkan gbé sínú máíkírówéfù ló máa ń kún ibẹ̀ láàárọ̀, kì í sì í tètè kúrò lára aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ka ìtàn àwọn òṣèrébìnrin àti àwọn módẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ Éṣíà lórí fóònù. Iṣẹ́ wa ni ká tún inú ọkọ̀ òfurufú ṣe kí àwọn èrò mìíràn tó wọ̀ ọ́, bí ọkọ̀ bá sì pẹ́ kó tó balẹ̀, a ó jókòó, oníkálukú á tẹrí ba sórí fóònù rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa wo bọ́ọ̀lù. Ní tèmi, mo mọ ará Filipíìnì tó jẹ́ pé ìpolówó ọṣẹ ìfọyín ló fi bẹ̀rẹ̀, mo mọ ará Íńdíà tí wọ́n sọ fún pé imú rẹ̀ ti tóbi jù fún kámẹ́rà, tó sì padà di ẹni tí gbogbo wọn ń wá kiri, mo mọ ará Táílándì tó fi iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ tó lọ ń ta òdòdó. Mo mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ ju bí mo ṣe mọ ti àbúrò mi lọ. Má rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ní ohun tí o fi ń gbé ọkàn kúrò nílé.

Ohun tí èmi ń gbé ọkàn kúrò lórí rẹ̀ ni pé ọmọ kò tíì sí. Ọkọ mi kò bá mi jà sí i rí, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó fún mi ti ń mú ọmọ lọ sílé ìwé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nínú gbọ̀ngàn kan tí a ń háyà ní Moss Side, “ìyá ìbejì” ni wọ́n ń pè mí. Mo mọ̀ pé àdúrà ni wọ́n fi ń ṣe, wọn kò sì pè é láti bú mi. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀ láti òkè gbọ̀ngàn, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n so agogo mọ́ mi lọ́rùn. Mo wá búra fún ara mi pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé orúkọ mi kalẹ̀ fún àdúrà ní ibẹ̀. Agídí ni mo fi ṣe é, mo sì ń pè é ní ìgbàgbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ka ìtàn obìnrin Kòríà yẹn. Aṣọ òtútù ló ti kọ́kọ́ ń ṣe módẹ́ẹ̀lì fún nígbà tó ṣì wà nílé ìwé. Lẹ́yìn náà ló di òṣèré, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ló fi jẹ́ ìránṣẹ́bìnrin nínú eré àwọn ẹlòmíràn, tó ń dúró sẹ́yìn ayaba, tó ń gbé àwo lọ́wọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Eré ààfin kan tí wọ́n ti fi ṣe ìyá ọba ló gbé e jáde. Ìgbà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ló sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tó kọ ìtàn náà kò sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ó kàn ní òṣèré náà sọ pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé oyún kì í dúró lára òun, òun sì padà sídìí iṣẹ́ nítorí pé ilé ti dákẹ́ jù. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ fíìmù. Mo gbé fóònù dojú dé orí itan, mo sunkún débi pé ọ̀gá wa bi mí bóyá ọṣẹ ló ta sí mi lójú.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin, ìyàwó pásítọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Mummy ní kí kálukú sọ ohun tó fẹ́ ká bá òun gbàdúrà lé lórí. Ó kàn mí. Mo fẹ́ sọ pé ìwé ìgbélùú wa ni, bí mo ṣe máa ń sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Arábìnrin kan ni, a jọ ń ṣiṣẹ́ ní airport. Ará Korea ni. Oyún kì í dúró lára ẹ̀.” Wọ́n bi mí ní orúkọ rẹ̀. Mo ní Grace ni. Ọ̀rẹ́ mi, kò tíì sí àdúrà tí wọ́n gbà ní Moss Side tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n lu àtẹ́wọ́, wọ́n fẹsẹ̀ janlẹ̀, èmi náà sì ń ṣe àmín láàárín wọn, ara mi fúyẹ́ bí ara ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àdúrà tèmi ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Màmá àgbàlagbà kan wà láàárín wa, ará Ṣàgámù, tí ọmọ rẹ̀ mú wá láti bá a tọ́jú ọmọ. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ Grace karí jù. Bí ìsìn Sunday bá ti parí, á di ọwọ́ mi mú. “Grace ńkọ́?” Mo lè sọ pé dáadáa ló wà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí, ara mi ni mo fi ń dá a lóhùn. “Ó tún rí nǹkan oṣù ẹ̀, Ma.” Á sì fún ọwọ́ mi pọ̀. “Sọ fún un kó má sunkún. Mò ń gbààwẹ̀ fún un.” Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni o, tó yẹ kó máa jẹun lásìkò. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mo ń gba ìtùnú rẹ̀, mo tún ń retí Sunday mìíràn.

Ó tó oṣù mélòó kan kí Mummy tó ní kí gbogbo ẹni tó bá ń gbàdúrà fún ẹlòmíràn mú àwòrán onítọ̀hún wá, ká lè gbé ọwọ́ lé e, ká fi òróró yàn án. Ó yẹ kí n sọ pé Grace ti padà sí Kòríà. Dípò ìyẹn, mo lọ wá àwòrán òṣèré náà kan tí kò ti kun ojú, tó wọ súwẹ́tà lásán, mo tẹ̀ ẹ́ jáde nílé ìkàwé. Mo rò pé láìsí ọ̀ṣọ́ ààfin lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá a mọ̀. Ọkàn mi sì balẹ̀ sí ti Mummy ju ti ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé kò tíì pẹ́ tó fi odindi ìwàásù kan bá wa wí lórí fíìmù wíwò.

Mummy gba àwòrán náà, ó da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní ká na ọwọ́ síbẹ̀. Ó ti ní “Father, in the name of Jesus” kó tó wò ó dáadáa. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

“Sister,” ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ṣé kì í ṣe ìyá ọba nìyí?”

Nọ́ọ̀sì kan láàárín wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Stockport, na ọrùn wò ó. “Òun ni. Season two, tí wọ́n bu májèlé fún.” Ni gbogbo wọn bá rọ́ wá. Ó hàn pé kò sẹ́ni tí kì í wo eré náà. Ẹnìkan ní, “Ah, Mummy, ẹ̀yin náà ń wò ó?” Mummy ní ọmọ òun ló ń wò ó, òun kàn máa ń kọjá ni. Ẹ̀rín sọ. Wọ́n rín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú, obìnrin kan sì ń nu omijé. “Èmi fast o. Mo fast fún celebrity.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi kò tilẹ̀ sáré jìnnà. Ojú gbà mí tì. Ooru mú mi láti ọrùn dé etí, mo tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó sì wù mí kí wọ́n kúkú bú mi ju kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Màmá ará Ṣàgámù, tó jókòó, tí kò sì rí ohun tí à ń wò, gbóhùn sókè. “Kí ló dé? Ṣé Grace kú ni?”

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀. “Rárá, Mama. Kò sí Grace kankan. Òṣèré ni, inú television la ti ń rí i.”

Ẹnu Màmá ń lọ bí ẹni tó ń jẹ nǹkan. Mo ń retí èpè, mo sì ti gbà á lọ́kàn. Ó wá yí ojú sí ibi tó rò pé mo wà.

“Nǹkan oṣù tí o ń sọ fún mi yẹn,” ó ní, “ta ló ni ín?”

Mo kúnlẹ̀. “Èmi ni, Ma.”

Wọ́n gbàdúrà fún mi lọ́jọ́ náà. Mummy pe orúkọ mi gan-an, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, kò pe ìyá ìbejì. Òróró tí wọ́n ti dà sọ́wọ́ fún Grace, orí mi ni wọ́n fi pa, ọwọ́ Màmá sì wà lórí mi. N kò ní purọ́ fún ọ pé ọkàn mi balẹ̀. Ìtìjú ló mú mi sunkún. Ohun tí mo fi gbogbo agbára sá fún, pé kí wọ́n mọ̀, ti ṣẹlẹ̀ tán, kò sì pa mí.

Ìgbà tí a ń to àga ni mo rí àwòrán náà. Orí àga ni ẹnìkan gbé e sí, ẹlòmíràn sì ti gbé ife tíì lé e lórí. Kò sẹ́ni tó tún béèrè obìnrin tó wà nínú rẹ̀. Èmi gan-an kò rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí orúkọ, airport àti nǹkan oṣù, gbogbo ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ó sunkún oyún ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe gbọ́ pé òṣèré ni, a pa àdúrà náà tì bí ẹni pé oyún tó bọ́ lára rẹ̀ náà wà lára eré. Mo yá ìbànújẹ́ rẹ̀ lò láìtọrọ, nígbà tí mo sì rí ìtùnú tèmi gbà, mo fi í sábẹ́ ife.

Ọmọ kò tíì dé. Màmá ti padà sí Ṣàgámù, orúkọ mi ni wọ́n sì ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi rò pé ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ mi ni kí n máa fi ẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ ara mi. Ó kọ́ mi, n kò jiyàn. Mo tilẹ̀ ń gbàdúrà fún òṣèré náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an, mo sì rò pé gbèsè mi ti tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fọ́tò rẹ̀ tuntun jáde, ó wọ kóòtù fífẹ̀ kan. Àwọn èèyàn ti ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ṣé ó ti lóyún ni, àbí ó kàn sanra. Inú bí mi, mo ní àwọn èèyàn yìí kò ní ìtìjú. Ìgbà tí mo máa wo ọwọ́ mi, ìka mi méjì ti wà lórí fóònù, mo ti fẹ fọ́tò náà débi pé ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ikùn rẹ̀ nìkan ni mo ń wò.