Ọmọ Tó Fẹsẹ̀ Wáyé

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi máa ń wo ẹ̀yìn ríro sàn. Ìfọ̀ là ń gbé, lẹ́yìn teṣán rélùwéè níbi tí bàbá mi ti ń ru ẹrù. Obìnrin kan wá láti Mowé lọ́jọ́ ọjà, ó di ìbàdí mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó bá ìyá mi nídìí gaàrí tí wọ́n ń yan, ó ní, "Ìyàwó, mo mọ̀ ọ́ ní Mowé. Níbo ni ọmọ rẹ tó fẹsẹ̀ wáyé wà? Ẹ̀yìn fẹ́ pa mí."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n láàrin wa: ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣáájú orí jáde, bó bá tẹ ẹ̀yìn tó ń dunni lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀yìn náà á san. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé mo wà lára wọn.

Ọwọ́ ìyá mi dúró nínú agbada títí gaàrí fi bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Wọ́n wá na ìka sí mi, wọ́n ní, "Òun nìyẹn."

Mo ní, "Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ náà. Wá tẹ ìyá lẹ́yìn."

Obìnrin náà dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nǹkan kan dún kẹ́ẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ó dìde, ó nà tán pátápátá, ó ní, "Háà! Ẹsẹ̀ yìí lálùbáríkà o!" Ó gbé igbá rẹ̀ karí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Títí dòní, n kò mọ̀ ọ́n.

Ká má purọ́, orí mi wú. Èmi tí n kò mọ ìṣirò, tí n kò mọ ijó jó, èmi làwọn àgbàlagbà ń dojú bolẹ̀ fún. Mo ń fi àdín pa ẹsẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n lọ pọnmi, màá ní ẹ̀gún lè gún mi lẹ́sẹ̀. Ìyá mi tí ì bá gbá mi létí, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Gbogbo ẹni tó bá wá ni wọ́n ń rò ó fún: bí ẹsẹ̀ ṣe kọ́kọ́ yọ, bí agbẹ̀bí ṣe figbe ta. N kò rí ìyá mi kí wọ́n sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi kì í dá sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé kẹ́tù, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, àkókò ìrun ò sì tíì tó.

Lọ́jọ́ kan, àpò èkùrọ́ já lé bàbá mi lẹ́yìn ní teṣán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi pákó gbé wọn wálé. Lọ́rì kan ti dúró lójú títì tí yóò gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Abẹ́òkúta. Èmi, ọmọ àná, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na apá méjèèjì. Mo ní, "Ẹ ò ní gbé bàbá mi lọ síbì kankan. Èèyàn kì í gbé etí odò kó fi itọ́ fọwọ́."

Bàbá mi wo ìyá mi. Ìyá mi wolẹ̀. Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ mí." Lọ́rì náà lọ.

Mo tẹ̀ wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Òógùn bò wọ́n, wọ́n sì pa eyín pọ̀. Mo ní, "Bàbá mi, ṣé ó ń san?" Wọ́n ní, "Ó ń fúyẹ́, ọmọ mi." Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, wọ́n tún ní ó ń fúyẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo tẹ̀ wọ́n tagbáratagbára, torí mo rò pé n kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bàbá mi ní àwọn ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òsì àwọn wà lórí ẹní tàbí kò sí níbẹ̀. Mo tún gbé ẹsẹ̀ mi sókè.

"Sọ̀kalẹ̀!" Ìyá mi ló pariwo. Wọ́n fà mí lápá, mo ṣubú. "Orí lo fi wáyé! Orí! Ẹ̀gbọ́n rẹ ló fẹsẹ̀ wáyé. Mowé la bí i sí, Mowé la sin ín sí, kò tíì rákòrò. Obìnrin tó wá láti Mowé yẹn ò gbọ́ pé ó kú. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ ọ́." Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n rí.

Ọjọ́ náà ni bàbá mi lọ sí Abẹ́òkúta. Ó tó oṣù méjì kí wọ́n tó padà, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń rìn. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè dé ni. Wọn ò ru ẹrù mọ́ títí wọ́n fi kú, gaàrí ìyá mi ló ń bọ́ wa.

Inú bí mi. Ó bí mi sí àwọn òbí mi méjèèjì, ó sì bí mi sí ẹsẹ̀ ara mi. Ó pẹ́ kí n tó lè bi bàbá mi léèrè. Wọ́n jókòó níwájú ilé, wọ́n ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin ṣáà mọ̀ pé èmi kọ́. Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n máa tẹ̀ yín?"

Wọ́n ní, "Látọjọ́ tá a ti sin ọmọ yẹn, ìyá rẹ ò dárúkọ rẹ̀ rí. Ìgbà tí àwọn ẹlẹ́yìn ríro ń wá, tó ń rò bó ṣe bí i fún wọn, ṣe ló dà bíi pé ọmọ náà wà nínú ilé."

Mo ní, "Ti ìyá mi nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Wọ́n tún lé ewúrẹ́ náà.

"Èmi náà fẹ́ kó wà nínú ilé."