Ìtì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí A Sin Lórúkọ Àbúrò Bàbá Mi

Ní kékeré mi ní Màkún, ta ni ò mọ àbúrò bàbá mi tó ń ya àwòrán? Ara ògiri ilé wa tó kọjú sí ọjà obì ló ya sójà kan sí, tó gun aráàlú lẹ́yìn bí ẹni gun ẹṣin. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀rín máa ń pani nígbà ìjọba ológun.

Kí àwọn sójà tó dé, ó ti gba Kùtọnù sá lọ sókè òkun. Bàbá mi ni wọ́n bá nílé. Wọ́n ní àwọn á mú un dání títí àbúrò rẹ̀ á fi yọjú. A ò rí i mọ́, a ò sì rí òkú rẹ̀.

Síbẹ̀ wọn ò yéé wá. Ìyá àgbà, tó bí àwọn méjèèjì, wá ní ọ̀rọ̀ tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí wọ́n gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi aṣọ funfun dì í, ó fi igbe bọnu pé ayàwòrán ti kú sí àjò, wọ́n sì ti wẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Àáfà ò mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lòun ń kírun sí lára. A sin ín sẹ́yìnkùlé, a ṣe ọjọ́ kẹjọ, a ṣe ogójì. Àwọn sójà dúró wò wá, wọn ò padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹkún ìyá àgbà kì í ṣe ẹ̀tàn o. Bàbá mi ò ní sàréè, orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ló ti sunkún rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ayàwòrán dé, irun rẹ̀ ti funfun báláú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà.

“Yèyé, èmi rè é. Ẹ jẹ́ kí n wọlé.”

Ìyá àgbà wò ó títí. “Mo ti sin ọmọ mi ọ̀hún.”

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ sin, Yèyé.”

“Mo mọ̀. Bó o bá fẹ́ wọlé mi, lọ wá ẹ̀gbọ́n rẹ wá, kẹ́ ẹ jọ wọlé.”

Ó bojú wò mí, bóyá mo máa bá a bẹ̀bẹ̀. Mi ò bẹ ìyá àgbà. Ta ló bá èmi bẹ àwọn sójà? Ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní Ìperu, ó ń wá láàárọ̀, ó ń wá nírọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn títì ló ń bá. Nígbà tó sú u, ó padà síbi tó ti wá.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Lónìí ẹ ń ya gómìnà oníkùn gbẹ̀ǹdù sórí fóònù, ẹ ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó wá mú ẹ̀gbọ́n yín lọ. Inú mi dùn fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo sọ fún ìyá àgbà pé ọmọ rẹ̀ ti wọkọ̀ òfurufú, kò sunkún, oúnjẹ ló béèrè. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n bu díẹ̀ sí i.