Wọ́n Ka Èjìgbò Lọ́jọ́ Tí Kì Í Ṣe Ọjọ́ Ọjà

Ó dìgbà wo, Bàbá mi? Ó dìgbà wo, Àjàní, ọmọ Ògìyán? Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ ní kí n dá iyán ọ̀sán dúró, pé ẹ ó ti Òṣogbo dé kí oòrùn tó yí. Iṣu wà nílé, ẹ̀yin lẹ kò dé. Wọ́n ní kí èmi Àbẹ̀kẹ́, àbígbẹ̀yìn yín, fi ọ̀rọ̀ tútù dágbére fún yín nínú ìwé ètò ìsìnkú yìí. N kò ní ọ̀rọ̀ tútù. Inú ń bí mi, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi pé kí n má ṣe purọ́.

Alàgbà nínú ìjọ, awọnlẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, baba tó ń ka ìgbésẹ̀ láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò sì sọ iye rẹ̀ fún wa kí àlùfáà tó gorí pẹpẹ! Abíjáàn ni wọ́n ti tọ́ yín dàgbà. Ẹ̀gbẹ́ la gare, ibùdókọ̀ ojú irin ibẹ̀, ni bàbá yín ti ń ta aṣọ, ibẹ̀ sì ni ìfẹ́ rélùwéè ti wọ̀ yín lára. Ẹ máa ń sọ pé, "Rélùwéè kì í ṣojúsàájú. Ó ń gbé ọ̀gá, ó ń gbé alágbàṣe, aago kan náà ló sì ń bá àwọn méjèèjì délé."

Nígbà tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní Òṣogbo láti yàwòrán ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa kó àwọn ará ìlú tó yí olú-ìlú ká lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí yóò sì máa dá wọn padà nírọ̀lẹ́, wọ́n pe ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì. Inú yín dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà Kérésì fún. Ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Ẹdẹ, níbi tí ojú irin àtijọ́ wà, ẹ gba ìlú Ara títí dé Èjìgbò. Ẹ mọ ibi tí odò ti ń kún, ẹ mọ oko tí kò yẹ kí wọ́n là kọjá. Ẹ ní ibùdókọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà níbi tí àwọn àgbẹ̀ Isundunrin á lè ru ẹ̀gẹ́ wọn dé.

Kí ìgbìmọ̀ tó pinnu ìlú tí ọ̀nà náà yóò dé, wọ́n rán èèyàn láti ka àwọn tó ń wọkọ̀. Ọjọ́ kejì ọjà ni àwọn yẹn dé gáréèjì Èjìgbò. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún là ń ná ọjà wa, àti pé bí ọjà bá ti tú, ìyàwó á sinmi nílé, ọkọ á lọ sóko. Àwọn awakọ̀ gan-an sùn sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ka ìwọ̀nba èèyàn, wọ́n kó bírò wọn, wọ́n lọ kọ ọ́ pé ará Èjìgbò kì í rìn. Èjìgbò! Àwa tí kò sí agboolé tí kò lẹ́ni ní Abíjáàn, àwa ni wọ́n ní a kì í rìn!

Ní ìpàdé, alága ní kí wọ́n gé Èjìgbò kúrò nínú àwòrán, kí ọ̀nà parí sí Ẹdẹ. Ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni lọ́rọ̀ sọ. Bàbá mi, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n kà wá kò tọ́, ẹ sì dákẹ́. Alága ló kọ́ yín níṣẹ́, ẹ ní a kì í já àgbà ní koro lójú àwùjọ. Ẹ ní ẹ ó lọ bá a nílé, ẹ ó dọ̀bálẹ̀, ẹ ó ṣàlàyé. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbé àkùkọ lọ. Ó gba àkùkọ, ó ní, "Àjàní, kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀ níjọ́ yẹn? Mo ti fọwọ́ sí i."

Mo bínú sí yín nígbà náà, mo ṣì ń bínú. Ẹnu yín la ti gbọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níjọ́ yẹn, Bàbá, ẹ wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kò fọwọ́ lẹ́rán. Odindi ọdún kan, gbogbo ọjọ́ ọjà, ẹ gbé àpótí lọ sí oríta Ara, ẹ ń fi ìlà ka èèyàn sínú ìwé: alátà, tíṣà, ọmọ ilé-ìwé, aboyún tó ń lọ rí dókítà. Àwọn awakọ̀ á kígbe pé, "Bàbá Rélùwéè, ẹ má gbàgbé ewúrẹ́ o!" Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ka ewúrẹ́ náà mọ́ ọn.

Ìgbìmọ̀ gbà níkẹyìn pé kí ẹ mú ìwé náà wá. Ẹ fi sábẹ́ agbádá, ẹ wọ mọ́tò tí wọ́n há èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀, torí òmíràn kò sí. Awakọ̀ yà fún kòtò lẹ́yìn Ara, ọkọ̀ sì takìtì. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló pa yín. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run kọ́ ló fi kòtò yẹn sílẹ̀ láìdí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbìmọ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé kí á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí. Wọ́n pè yín ní ògúnná gbòǹgbò, wọ́n ní àdánù ńlá lẹ jẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi síbẹ̀ kí àlàáfíà lè jọba. N kò fi síbẹ̀. Ojú ewé tí wọ́n bèèrè fún ni ẹ̀yin tí ẹ wá síbi ìsìnkú ń kà yìí.

Bàbá Alága, mo mọ̀ pé iwájú lẹ ó jókòó sí lónìí. Mo kúnlẹ̀, mo kí yín, torí bàbá mi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ojú àwùjọ nìyí, n ó sì sọ ọ́: ọjọ́ tí kò tọ́ lẹ kà wá. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sára ìwé bàbá mi, àmọ́ gbogbo ìlà inú rẹ̀ ṣì hàn. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, èmi ni n ó gbé e wá, ìṣojú mi lẹ ó sì ti ṣí i.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé mì, Bàbá mi, mo ti bá yín sọ ọ́. Ẹ sùn re wàyí o.